Re: Kí la ó máa pe rẹfirí rọ́gíbì? "Adájọ́" ò bá a mu

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ látàná, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe rẹfirí ní "adájọ́ orí pápá" ni mo fẹ́ mú níbẹ̀. Ẹ má bínú sà, fún bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ó ṣì lè gbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ti rọ́gíbì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, tá à ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún yìí, rárá o.

Ta ni adájọ́? Ẹni tó jókòó tí wọ́n ń rojọ́ fún lẹ́yìn tí ìjà ti parí. Rẹfirí rọ́gíbì ńkọ́? Iṣẹ́ tiẹ̀ ti ń lọ kẹ́nikẹ́ni tó ṣẹ̀ rárá. Wọ́n máa ń fi máíkì sí i lára, torí náà ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́: "Nọ́ńbà 7, tú u sílẹ̀! Bọ́ sẹ́yìn! Mú ọwọ́ kúrò ńbẹ̀!" Tí àwọn mẹ́jọ mẹ́jọ láti ẹgbẹ́ méjèèjì bá fẹ́ kira bọ ara wọn láti ti ara wọn, òun náà ló ń pa á láṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ lóṣòó, ẹ dira yín mú, ẹ wọlé, torí tí wọ́n bá kàn já lu ara wọn ṣàkàṣàkà, ọrùn èèyàn lè ṣẹ́. Adájọ́ wo ló ń kìlọ̀ fún olè kó tó jalè?

Ibi tó tún le jù ni fèrè tí kò fọn. Ẹgbẹ́ kan ṣẹ̀, bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ ìkejì, rẹfirí á na ọwọ́ síhà ọ̀dọ̀ wọn, á ní kí wọ́n máa gbá a lọ, tí wọn ò bá rí nǹkan kan mú níbẹ̀ á dá wọn padà síbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wọ́n. Ẹnìkan pe ìyẹn ní "ìgbójúfò" lánàá. Kò gbójú fo nǹkan kan o, ó ń ṣọ́ ọ ni! "Ìdáfèrèdúró" ni tèmi, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ tún wo àṣekágbá ife àgbáyé rọ́gíbì 2023 nítòsí Paris, tí South Africa na New Zealand 12-11. Wayne Barnes, rẹfirí ọjọ́ náà, yọ káàdì yẹ́lò fún Sam Cane, ọ̀gá ẹgbẹ́ New Zealand, àwọn tó jókòó sídìí fídíò ló sọ ọ́ di pupa. Ìdájọ́ tó wúwo jù lọ́jọ́ yẹn, ẹlòmíì ló dá a! (Lọ́ọ́yà ni Barnes fúnra ẹ̀, ìyẹn náà ò sọ ọ́ di adájọ́.)

"Olùdarí eré" ńkọ́? Kóòṣì ńkọ́, àwọn tó ń ya fíìmù ńkọ́, gbogbo wọn ni olùdarí. Ó ti fẹ̀ jù.

"Atọ́kùn eré" ni mo mú wá. Atọ́kùn ń bá eégún rìn, ó ń sáré bó ṣe ń sáré, ó ń pẹ̀rọ̀ sí i, ó sì ń lé èrò sẹ́yìn. Ẹ máa ní eégún kan ṣoṣo ni atọ́kùn ń bá jáde, kì í ṣe méjì tó ń bára wọn jà, òótọ́ ni, ibẹ̀ ló ti mẹ́hẹ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oní rédíò ti gbé e lọ fún atọ́kùn ètò, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n pé eégún dà.

Ẹni tó ní orúkọ "atọ́kùn" kò ní iyì tó, kó lọ wo Nigel Owens, rẹfirí rọ́gíbì ará Wales. Ní 2012, agbábọ́ọ̀lù kan ń ráhùn sí i, Owens pè é, ó fohùn tútù sọ fún un pé òun ni rẹfirí, pé ibí yìí kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó parí. Òun náà ló ṣe rẹfirí àṣekágbá ife àgbáyé 2015.

Tẹ́ ẹ bá gba atọ́kùn, ó ku àwọn méjì tó ń gbé àsíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ sétí látìgbàdégbà. "Igbákejì atọ́kùn" ò dùn létí mi. Ẹ mú tiyín wá.