Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fá a: ìrírí mi pẹ̀lú àwọn aago irin olówó ńlá

Iṣẹ́ àtúnṣe aago ni mo ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí irú aago ọwọ́ tí ó wù mí tó àwọn aago irin tí a kọ́kọ́ ṣe fún àwọn omùwẹ̀, àwọn awakọ̀ òfurufú àti àwọn tí ń fi mọ́tò sáré ìje, tí wọ́n wá di ohun tí àwọn olówó ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lóde òní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orúkọ tí ó wà lójú aago nìkan ni àwọn tí ń kó o jọ ń rà. N kò jiyàn pé orúkọ ní ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí nídìí iṣẹ́ mi ni pé aago tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe kọjá bí ó ti yẹ ni wọ́n ń wá kiri: èyí tí igun irin rẹ̀ ṣì mú, tí ojú rẹ̀ sì gbó fúnra rẹ̀.

Royal Oak ti ilé iṣẹ́ Audemars Piguet ni mo máa ń fi ṣàlàyé. Ní òpin ọdún 1969 ni Seiko gbé aago oníbátìrì jáde ní Japan, tí ó péye ju aago onísípíríǹgì lọ fíìfíì, jìnnìjìnnì sì bá àwọn tí ń ṣe aago ní Switzerland. Audemars Piguet, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wá ní kí Gérald Genta, ẹni tí ń ya àwòrán aago, ya aago irin kan tí kò ní jọ ti ẹnikẹ́ni; òun fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé òru ọjọ́ kan ni òun fi yà á. Nígbà tí ó jáde ní ọdún 1972, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 39, òrùka onígun mẹ́jọ ni ó yí ojú rẹ̀ ká, síkúrù mẹ́jọ hàn gbangba lórí òrùka náà, owó rẹ̀ sì jẹ́ fránkì Switzerland 3,300, èyí tí ó ju owó ọ̀pọ̀ aago wúrà ìgbà náà lọ. Irin, kí ó wọ́n ju wúrà lọ! Ẹnu ya àwọn ènìyàn, òmíràn nínú wọn tilẹ̀ bínú.

Ẹni tí ó bá fi awò tí ń sọ nǹkan di ńlá wò ó ni yóò mọ ohun tí wọ́n ń gba owó lé lórí. Òkè irin náà ní àwọn ìlà tín-ín-rín tí wọ́n lọ tààrà bí irun tí a fi òòyà yà. Láàárín òkè yìí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, igun kékeré kan wà tí wọ́n fi ọwọ́ mú dán gbinrin, débi pé bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá yí ọwọ́ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á fò láti ibì kan sí ibòmíràn lójijì. Ààlà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọ̀hún. Bí ẹ̀rọ tí a fi ń fá ojú irin kí ó lè dán bá kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti di róbótó nìyẹn, kò sì sí bí a ṣe lè dá a padà láìjẹ́ pé a tún gé irin kúrò tàbí pé a jó irin tuntun mọ́ ọn.

Ìrírí tí mo fẹ́ sọ kan Rolex GMT-Master, irú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1675. Ẹ̀gbọ́n kan ni ó gbé e wá, bàbá wọn ni ó rà á ní Lọ́ńdọ̀nù ní àárín àwọn ọdún 1970. Àwọn awakọ̀ òfurufú Pan American, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà kan, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú aago yìí fún. Ọwọ́ kẹrin kan wà lójú rẹ̀ tí ń yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 24, òrùka aláwọ̀ pupa àti búlúù tí ó sì yí i ká ṣeé yí, kí awakọ̀ lè rí aago ìlú méjì pa pọ̀. Bàbá náà mọ̀ ọ́n lò dáadáa: nígbà òtútù, tí Èkó fi wákàtí kan ṣáájú Lọ́ńdọ̀nù, ó máa ń sún òrùka náà, bí wọ́n bá ti sún aago síwájú ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ooru, tí ìlú méjèèjì wá dọ́gba, á dá a padà sí àyè rẹ̀.

Pupa òrùka náà ti ṣá, búlúù rẹ̀ sì ti ń di aláwọ̀ eérú. Àwọn àmì róbótó ojú rẹ̀, tí wọ́n funfun nígbà tí ó wà ní tuntun, ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nísàlẹ̀ ojú aago náà gan-an ni lẹ́tà T kékeré wà, tí ó ń sọ pé tritium ni wọ́n fi sínú ọ̀dà tí ń tàn lókùnkùn. Ní nǹkan bí ọdún 12 sí ara wọn ni agbára tritium ń dín sí ìdajì, nítorí náà aago ìgbà yẹn kì í tàn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Àbúrò, bá mi fá a kí ó dán, kí o sì fi òrùka tuntun sí i. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ìrántí Bàbá ní Ìjẹ̀bú-Òde.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fojú ba nǹkan kan.” Mo fún wọn ní awò, mo sì fi ibi tí ẹ̀wọ̀n ti so mọ́ ara aago hàn wọ́n, níbi tí igun irin náà ṣì mú bí ó ti wà nígbà tí wọ́n ṣe é. Mo ṣàlàyé pé àwọn tí ń kó aago jọ lè wá irú èyí títí kí wọ́n má rí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti fá tí ara rẹ̀ fi tín-ín-rín, àti pé òrùka tí ó ṣá yẹn, àwọn kan ń sanwó pàtàkì lé e ju tuntun lọ. Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìka tọ́ka sí ibì kan tí ó ti họ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, “Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni eléyìí ti ṣẹlẹ̀. Táyà ni Bàbá ń pààrọ̀. Mo wà nínú ọkọ̀.” Wọn kò sọ̀rọ̀ fífá mọ́.

Bí a bá kúrò lórí ọ̀rọ̀ irin, ìtàn tí ó so mọ́ aago ni ohun tí ó tún ń fà wọ́n. Daytona, aago Rolex ti àwọn tí ń fi mọ́tò sáré ìje, tí Joanne Woodward rà fún ọkọ rẹ̀, Paul Newman, òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà tí òun náà ń fi mọ́tò sáré ìje, tí ó fín ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí ó máa rọra wakọ̀, ni wọ́n lù ní gbàǹjo ní New York ní ọdún 2017 ní mílíọ̀nù dọ́là 17.75. Bẹ́ẹ̀ sì ni irú aago yẹn kì í tètè tà nígbà tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dá mi lójú pé bí ẹnì kan bá ti fá ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn dànù kí aago náà lè dán, owó náà kò ní sún mọ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní ti aago Ẹ̀gbọ́n, inú rẹ̀ ni mo tọ́jú. Mo tú ẹ̀rọ rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fi òróró tuntun sí i, mo sì pààrọ̀ àwọn rọ́bà tí ń dí omi, àmọ́ mo kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe wọ̀ ọ́ wẹ̀. Gbogbo ohun tí mo yọ ni mo kó sínú ọ̀rá kékeré, mo sì dá a padà fún wọn. Ẹ̀yin tí irú aago báyìí wà lọ́wọ́ yín, pàápàá tí ó bá jẹ́ ogún, ẹ ní kí atúnaagoṣe kọ ọ́ sórí rìsíìtì kí ó tó gbà á lọ́wọ́ yín: kí ó má fá irin, kí ó má pààrọ̀ ojú, ọwọ́ tàbí òrùka láìbéèrè, kí ó sì dá gbogbo ohun tí ó bá yọ padà.