Àmì ohùn orí "ẹ́" kò bá lẹ́tà rẹ̀ rìn nínú fídíò mi

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọnà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ ọnà ni mo ń kọ́ ní Abẹ́òkúta níbí, iṣẹ́ àṣeparí mi sì ni fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 3 tí orúkọ ìlú wa yóò ti máa kọ ara rẹ̀ jáde, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, bí ìgbà tí aládìrẹ bá ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Mo ti kọ ọ́ sórí bébà lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó rí èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn. Àwòrán 24 ni ó ń kọjá lójú ẹni ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó sọ gbogbo rẹ̀ di 72, ṣùgbọ́n nítorí pé mo ń lo àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, 36 ni mo ní láti yà.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, mo fẹ́ mọ bí yóò ṣe rìn, mo bá tẹ "Abẹ́òkúta" sínú kọ̀ǹpútà, mo sì ní kí ó máa mú lẹ́tà wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní àwọ̀ funfun lórí aró. Ò àti ú wọlé láìsí wàhálà. Ẹ́ nìkan ni ó ń dé ní ìlọ́po méjì: ẹ yóò kọ́kọ́ dé, àmì ohùn yóò wá tẹ̀lé e, yóò sì fì sí ọ̀tún títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí ò. Olùkọ́ mi ní kí n yọ àwọn àmì náà kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Ọkàn mi kò gbà á. Kí ni kí n ṣe?

Atẹ̀wé Adátán:

Má ṣe yọ wọ́n rárá. Ohun tí o rí yẹn ní ìdí. Nínú Unicode, ètò tí ó fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀, ò ní nọ́ńbà tirẹ̀, ú náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Nọ́ńbà ẹ dá wà, nọ́ńbà àmì ohùn òkè sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, fọ́ǹtì, ìyẹn àkójọ àwòrán lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, ni ó gbọ́dọ̀ gbé èkejì lé orí èkíní. Bí ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì náà kò bá sàmì sí ibi tí ohùn yóò dúró sí, yóò fì. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ń ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan, yóò yà wọ́n nípá. Bákan náà ni yóò rí fún ẹ̀, ọ́ àti ọ̀.

Padà sórí lẹ́tà tí o fi ọwọ́ kọ. Ya e, àmì abẹ́ rẹ̀ àti ohùn orí rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí o sì so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí wọ́n lè máa lọ síbi kan náà. Mo mọ̀ pé nínú ìwé kíkọ, ọ̀pọ̀ wa máa ń parí ọ̀rọ̀ kí a tó padà wá fi àmì sí i, ṣùgbọ́n òǹwòran kò ní dúró dè ọ́: bí o bá kọ "ọkọ" tí àmì pẹ́ kí ó tó dé, ọkọ ìyàwó ni yóò ti kà kí ó tó di ọkọ̀ tàbí ọkọ́. Kí àmì balẹ̀ bí lẹ́tà rẹ̀ bá ṣe ń parí. Fa ohùn òkè láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí o fa ohùn ìsàlẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀, kí ojú lè rí ohun tí etí ń gbọ́.

Ìyá Aládìrẹ:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. N kò mọ ti kọ̀ǹpútà, àdìrẹ ni mo mọ̀, ohun kan sì ń dùn mí nínú àlàyé rẹ. Ìyẹ́ kì í kọ funfun sórí aró. Aṣọ funfun ni à ń kọ ẹ̀kọ láfún sí, bí a bá sì ń kọ ọ́, ẹni tí ó dúró lókèèrè lè má rí i. Ìgbà tí ó bá gbẹ ni a óò rì í sínú ìkòkò aró. Bí ó bá ń jáde, ó máa ń ní àwọ̀ ewé. Atẹ́gùn ni yóò sọ ọ́ di aró lójú rẹ báyìí, a óò sì tún rì í títí yóò fi dúdú tó bí a ti fẹ́. Lẹ́yìn náà ni a óò họ ẹ̀kọ kúrò, ibẹ̀ ni funfun yóò ti yọ.

Àwọn tí ń fi páànù tí wọ́n gé ṣe tiwọn, odindi ọnà ni ó ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá fẹ́ lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ìyẹ́ ni kí o dúró tì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọnà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ẹ ṣeun, ọ̀gá Atẹ̀wé. Mo ti sọ ọ́ di ìṣẹ́jú-àáyá 6, àwòrán 72 sì ni mo ń yà báyìí. Ìyẹ́ yóò kọ orúkọ náà sórí aṣọ funfun ní ìlà tí ó ṣókùnkùn díẹ̀ péré, àwọ̀ ewé yóò bo gbogbo rẹ̀, yóò yí padà sí aró láti etí aṣọ wá sí àárín, ẹ̀kọ yóò sì máa ṣí kúrò láti orí A lọ. Mo ya ẹ́ ní alẹ́ àná, àmì rẹ̀ sì dúró gbọn-in. Mà, ṣé etí aṣọ ni ó kọ́kọ́ máa ń dúdú ní tòótọ́, àbí gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń yí padà pọ̀? Bí ẹ bá gbà mí láàyè, màá wá sí ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rẹ aró, kí n fi ojú ara mi wò ó.