Torquay sí Apollo Bay lórí kẹ̀kẹ́, èmi nìkan, ọjọ́ kan ṣoṣo: ṣé agbára mi á gbé e?

Olókun_Kẹ̀kẹ́
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Ọsirélíà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìpínlẹ̀ Victoria. Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, báyìí mo fẹ́ gbé e lọ sí Great Ocean Road, ọ̀nà etí òkun yẹn, kò sẹ́ni tó máa bá mi lọ. Mo fẹ́ wọ rélùwéè láti Melbourne dé Geelong, kí n gùn ún dé Torquay kí n sùn síbẹ̀, tílẹ̀ bá mọ́ kí n gba etí òkun lọ títí dé Apollo Bay, ó máa tó kìlómítà 92, tẹ́ǹtì àti ẹrù á wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ṣé kò pọ̀ jù fún ọjọ́ kan? Mọ́tò ló ń dẹ́rù bà mí jù, wọ́n ní ọ̀nà yẹn há, kọ́nà sì pọ̀ níbẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá wá bàjẹ́ níbi tí ò séèyàn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì
Àbúrò mi, agbára rẹ á gbé e, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gùn ún. O ṣe dáadáa tó o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Torquay. Ṣó o mọ̀ pé ọwọ́ òsì là ń gbà níbí, tó o bá kọjú sí Apollo Bay ọwọ́ òsì yẹn náà ni òkun wà, kò ní sí mọ́tò kankan láàárín ìwọ àti omi. Tó o bá ń tibẹ̀ bọ̀, ara òkè lo máa rọ̀ mọ́. Àwọn kan á ní kéèyàn máa ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ torí atẹ́gùn ibẹ̀ ló pọ̀ jù, á máa tini lẹ́yìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò lè torí atẹ́gùn pàdánù òkun yẹn láé.

Kó o ṣáà tètè jáde ni, kí aago mẹ́fà ti bá ẹ lórí kẹ̀kẹ́. Atẹ́gùn máa ń rọ̀ láàárọ̀, ọ̀sán ni tojú òkun máa ń gbéra. Nígbà ooru, Dìsẹ́ńbà sí Fẹ́búárì, atẹ́gùn gbígbóná lè máa fẹ́ láti àríwá, ká tó ṣẹ́jú pẹ́ ó ti yí sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn, òtútù ti dé, iwájú ẹ gan-an ló sì ń fẹ́ bọ̀. Nítorí náà jákẹ́ẹ̀tì dandan ni, bó ti wù kí oòrùn mú tó.

Dúró ní Memorial Arch, ẹnu ọ̀nà ìrántí tí wọ́n kọ́ sórí títì ní Eastern View, jọ̀ọ́. Àwọn sójà tó ti ogun àgbáyé kìíní dé ló la ọ̀nà yẹn, 1919 sí 1932, dígà àti ṣọ́bìrì ni wọ́n fi là á, ní ìrántí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó kú. Tó o bá kúrò ní Lorne, ìlú tó wà láàárín méjì ọ̀nà, tó o rí bí wọ́n ṣe gbẹ́ ọ̀nà sára àpáta, omijé lè bọ́ lójú ẹ, ó bọ́ lójú tèmi.

Táyà_Méjì
Ti mọ́tò tẹ́ ẹ béèrè: òfin Victoria ní kí wọ́n fi mítà kan sílẹ̀ fún yín níbi tí eré tí wọ́n fàyè gbà ò ti ju kìlómítà 60 ní wákàtí kan lọ, mítà kan ààbọ̀ níbi tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fara mọ́ etí títì jù tí kọ́nà bá ti ń bọ̀, ẹ jáde síta díẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tètè rí yín, tí báàsì bá ti tò sẹ́yìn yín ẹ yà síbi tí wọ́n ń dúró wo òkun, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, ẹ mumi. Kí iná ẹ̀yìn máa tàn lọ́sàn-án náà.

Ní tèmi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Wye River ni táyà ẹ̀yìn rọ̀. Mo pààrọ̀ túùbù, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó tún ti rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó fi ìka gba inú táyà yẹn kiri díẹ̀díẹ̀, ló bá gún mi: wáyà tín-ín-rín bí irun, ó já lára táyà tírélà, kò gùn tó èékánná, ojú ò lè rí i láti ìta. Eyín ni mo fi fà á yọ. Túùbù méjì ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ wá inú táyà kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i.

Nẹ́tíwọ̀kì máa ń lọ láàárín Lorne àti Apollo Bay, torí náà ẹ wo VicEmergency, ìkànnì tí ìjọba Victoria fi ń kìlọ̀ nípa iná igbó àti ewu míì, kẹ́ ẹ tó gbéra. Ọjọ́ Kérésì 2015 iná igbó jó ilé 116 ní Wye River àti Separation Creek. Ọjọ́ tí wọ́n bá kéde Total Fire Ban, ìyẹn òfin tó ń ká iná dídá níta lọ́wọ́ kò, ẹ má tan sítóòfù níta rárá.

Olókun_Kẹ̀kẹ́
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà Táyà_Méjì. Mo ti gbà, aago mẹ́fà. Tó bá ti rẹ̀ mí ní Lorne ṣé kí n sùn síbẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì
Sùn síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé ẹ. Bíi kìlómítà 45 ló máa kù fún ọjọ́ kejì, wàá ráyè dúró ní Kennett River, gbójú sókè sáwọn igi eucalyptus tó wà níbẹ̀. Koala, ẹranko onírun tó ń gbé orí igi yẹn, máa ń ká jọ síbi tí ẹ̀ka ti yà, wàá kọ́kọ́ rò pé kókó igi ni.