Ike méjì nínú omi òkun kan náà: PHB ń fúyẹ́, PLA ò mira

Lábù_Etíkun: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ PHB (polyhydroxybutyrate) àti ti PLA (polylactic acid, ike tí wọ́n fi lactic acid ṣe) wà nínú omi òkun kan náà ní 25°C. PHB ń fúyẹ́ sí i, PLA ò yí padà, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sára méjèèjì pé wọ́n lè jẹrà. Kí ló fà á? Báwo la sì ṣe máa mọ̀ pé bakitéríà ló jẹ PHB, tí kì í ṣe pé ó kàn rún?

Onímikíróbù: Ohun tí wọ́n fi ṣe ike ni kí ẹ wò, ẹ fi àkọlé sílẹ̀. Bakitéríà fúnra wọn ló ń ṣe PHB, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú ara de ìgbà ebi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ní ẹ́ńsáìmù (èròjà ara tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá) tó ń gé e. Nínú òkun, ẹ máa rí irú wọn láàárín Marinobacter àti Alcanivorax. Wọn ò lè gbé odidi ike mì. Ẹ́ńsáìmù ni wọ́n ń tú síta, á gé PHB títí á fi di ẹyọ kéékèèké, 3-hydroxybutyrate, tó ń yọ́ nínú omi, ìyẹn ni wọ́n ń gbé wọlé.

Ti PLA yàtọ̀. Omi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já a, bẹ́ẹ̀ tí kò bá gbóná tó nǹkan bí 60°C, líle ló máa ń le, omi kì í ráyè ṣiṣẹ́ kíákíá. Ibi ìṣe-ajílẹ̀ ńlá ló bá a mu, kì í ṣe òkun.

Àjàní_K: Fífúyẹ́ nìkan ò tó ẹ̀rí o! Ẹ wọn CO2, afẹ́fẹ́ tí bakitéríà máa ń tú jáde tí wọ́n bá jẹ kábọ́ọ̀nù inú ike. Nínú 100 mg PHB, kábọ́ọ̀nù tó 56 mg; tí gbogbo rẹ̀ bá di CO2, nǹkan bí 205 mg ni. Kò lè pé bẹ́ẹ̀, torí bakitéríà á fi díẹ̀ kọ́ ara wọn.

Ẹ lo ìgò PHB, ìgò sẹ́lúlóòsì (ohun ara ewéko tí bakitéríà máa ń jẹ, kí ẹ fi mọ̀ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́), ìgò omi òkun lásán, àti ìgò PHB nínú omi òkun tí ẹ ti sè ní 121°C kí bakitéríà inú rẹ̀ lè kú. Omi nìkan ni kí ẹ sè. Ike lè bàjẹ́ nínú ooru yẹn. Lítà omi òkun kan gba NH4Cl (iyọ̀ tó ní náítírójìn) 0.5 g àti KH2PO4 (iyọ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì) 0.1 g, torí àìsí náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló sábà máa ń dá iṣẹ́ dúró. Ẹ fi sí 30°C, kí KOH (kẹ́míkà tó ń fa CO2 mọ́ra) máa gba CO2.

Lábù_Etíkun: Ẹ ṣé gan-an. Ìgò omi lásán náà ń tú CO2 jáde ńkọ́?

Àjàní_K: Ó gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, oúnjẹ wà nínú omi òkun. Ẹ yọ iye tirẹ̀ kúrò lára ti àwọn yòókù.

Onímikíróbù: Ẹ má fi ṣúgà sí i kí ó lè yá o. Bakitéríà lè kọ́kọ́ jẹ ṣúgà, kí wọ́n sì dẹ́kun ṣíṣe ẹ́ńsáìmù tó ń gé PHB.