Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ òfin oúnjẹ àwọn Júù dáadáa?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. Màmá àgbà kan tó jẹ́ Júù ni mò ń tọ́jú ní Lọ́ńdọ̀n, àná ni mílíìkì ta sínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹran wọn, bíi ṣíbí kékeré kan péré, àyà mi já, torí òfin wọn ò gbà kí wọ́n pa mílíìkì pọ̀ mọ́ ẹran! Wọ́n ní kí n pe rábì, olùkọ́ ẹ̀sìn wọn, ìyẹn bi mí ṣé ọbẹ̀ yẹn tó ìlọ́po 60 mílíìkì náà, mo ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó ní kò séwu, kí wọ́n máa jẹ ẹ́, àmọ́ èèyàn ò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dà á sí i o. Èyí tí ò wá yé mi ni pé tó bá jẹ́ odidi èèrà ló kó sínú ọbẹ̀, wọ́n ní ìlọ́po 1000 gan-an ò lè bò ó mọ́lẹ̀. Kí ló fà á? Tí mo bá rí i yọ ńkọ́?