Rankin Inlet sí Iqaluit: wákàtí mélòó gan-an?

Ìyá Ìbejì (Winnipeg): Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Mo ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Rankin Inlet, ní Nunavut lápá àríwá Canada, mo sì fẹ́ fi wíkẹ́ǹdì kan lọ kí àbúrò mi ní Iqaluit, ní Nunavut kan náà. Wọ́n ní báálù á kúrò ní Iqaluit ní 9:00 àárọ̀ Mọ́ńdè, á balẹ̀ sí Rankin ní 10:20. Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ ni? Torí 11:00 ni mo fẹ́ wọṣẹ́. Àbí títì wà tí mo lè gbà?

Bọ̀dá Iqaluit: Háà, ẹ má dán an wò! Aago Ottawa là ń lò níbí, Rankin ń lo ti Winnipeg yín, wákàtí kan la fi ṣáájú wọn. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ rí yẹn, méjì àti ogún ìṣẹ́jú ni lójú ọ̀run. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa ni wọ́n á gba wákàtí yẹn lọ́wọ́ yín. Bíi 1,180 kìlómítà ni, ẹ ṣáà ṣe bí ẹní ń ti Èkó lọ Maiduguri, tó bá sì jẹ́ báálù ATR oní-pùròpẹ́là ni wọ́n gbé wá, kì í sáré bíi jẹ́ẹ̀tì. Títì kẹ̀? Ìlú 25 ló wà ní Nunavut, kò sí títì tó so ìkankan mọ́ èkejì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Ottawa): Ẹ̀gbọ́n, Maiduguri kọ́ o. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù ògiri ọ́fíìsì wa, ó ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ.

Bọ̀dá Iqaluit: Máàpù yẹn ló ń purọ́ fún ẹ. Ayé rí roboto, wọ́n wá tẹ́ ẹ sórí pépà, bó o bá ṣe ń lọ sókè sí àríwá ló ṣe ń fẹ̀ sí i. Fi okùn wọ̀n ọ́n lórí glóòbù, wàá rí i.

Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́, ẹ fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá Fráídè ló yẹ kí n kúrò ní Rankin. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí báálù, irun imú mi ti le gbagidi bí abẹ́rẹ́ kí n tó dé àtẹ̀gùn, ìjì yìnyín bá dé, n ò rí ọwọ́ ara mi mọ́, wọ́n ní ká padà sínú. Sọ́ńdè ni mo tó délé. Wọ́n ní ojú ọjọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀bi àwọn, owó hòtẹ́ẹ̀lì òru méjì, èmi ni mo san án.

Ìyá Ìbejì: Ó dáa, Sátidé ni mo máa padà nìyẹn. Ṣé mo lè gbé èlùbọ́ dání?

Bọ̀dá Iqaluit: Ẹ gbé e wá, kẹ́ ẹ sì gbé tèmi kún un, màá sanwó kílò rẹ̀.