Mọ́tò wo ló yẹ ọkọ̀ rìmóòtù 1/10 tó wúwo díẹ̀?

ỌmọÀkóbọ̀:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Mo ní ọkọ̀ rìmóòtù kan, truck 1/10 ni (ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi), tòkunbọ̀, LiPo 2S (sẹ́ẹ̀lì méjì) ni bátìrì ẹ̀, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí màámi fi ń wọn fúláwà, ó lé díẹ̀ ní kílò 2 àbọ̀. Mọ́tò inú ẹ̀, èyí tó ń yí táyà ni mo ń sọ o, kì í ṣe ọkọ̀ fúnra ẹ̀, jóná lọ́sẹ̀ tó kọjá, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé. Ẹnì kan ní kí n kúkú ra brushless (mọ́tò tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì nínú) 3674, pé bó bá ṣe tóbi tó ló ṣe máa lágbára tó, mo tún rí 3650 tó jẹ́ 3300KV àti òmíràn tó jẹ́ 4500KV, owó wọn ò sì jìnnà síra, orí mi ti dàrú báyìí. Orí koríko àti ilẹ̀ pupa lẹ́yìn ilé wa ni mo ti ń wà á, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ èwo ni kí n rà? Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó yìí.

Ẹ̀gbọ́nMọ́kọ́lá:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o, má tíì sanwó. Nọ́ńbà yẹn ò le: méjì àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ mọ́tò, méjì ìkẹyìn ni gígùn ẹ̀. 3650 fẹ̀ tó 36mm, ó gùn tó 50mm, ìwọ̀n 540 tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ 1/10 náà nìyẹn, ihò síkírú wọn sì sábà máa ń bára mu. 3674 fi 24mm gùn jù ú lọ, ó sì wúwo, nínú ọ̀pọ̀ truck ìdí ẹ̀ ò ní ráyè, ọ̀pá ọ̀pọ̀ nínú wọn tún jẹ́ 5mm, ti 540 sì jẹ́ 3.175mm, á jẹ́ pé jíà kékeré tó o ní nílẹ̀ ò ní wọ̀ ọ́ mọ́, o tún máa lọ ra òmíràn.

KV wá ni iye ìgbà tí mọ́tò máa yí ní ìṣẹ́jú kan fún fóòtì (volt) kọ̀ọ̀kan tí ò bá gbé ẹrù kankan. Fóòtì 7.4 ni 2S, torí náà 3300KV á yí tó 24,420, 4500KV á lé ní 33,000. Eré nìyẹn o, kì í ṣe agbára. Ọkọ̀ tó wúwo, tó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nínú koríko, tó o bá fi 4500KV sí i, iná bátìrì ló máa jẹ tán, ó sì máa gbóná bí ààrò. 3300KV ni kó o mú. Tó o bá rí 3660 tí KV ẹ̀ wà ní nǹkan bíi 3000, tí àyè sì gbà á, mo fẹ́ràn ìyẹn jù.

ÌyáBọ̀bọ́:
Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ ò tíì bi í nípa ESC, ẹ̀rọ tó ń darí iná bátìrì lọ sí mọ́tò. Ọmọ mi, wáyà mélòó ló ti inú ESC lọ sára mọ́tò tó jóná yẹn? Tó bá jẹ́ méjì, brushed ni, ìyẹn èyí tó ní búrọ́ọ̀ṣì, ESC yẹn ò lè gbé brushless láéláé, torí mẹ́ta ni wáyà tiẹ̀. Èmi àti ọmọ mi ra mọ́tò nìkan, a délé, a ò rí ibi tí wáyà kẹta máa wọlé sí, oṣù mẹ́ta ni mọ́tò yẹn fi wà nínú dúrọ́ọ̀ kí a tó rówó ESC, ó dun ọmọ yẹn gan-an. Ra méjèèjì pọ̀, ESC 60A tó fún 3650 yẹn. Tówó ò bá tó, padà ra 540 brushed, má tijú ẹ̀ rárá, 35T (T ni iye ìgbà tí wọ́n yí wáyà nínú mọ́tò) máa gun òkè dáadáa, kàn máa rántí pé bí T bá ṣe pọ̀ tó leré máa ń dín kù tó.

RìwáyàSángò:
Kí ló jó ti àkọ́kọ́ gan-an? Ìyẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀. Ka eyín jíà kékeré orí mọ́tò yẹn. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ máa ń fi èyí tó tóbi sí i kó lè sáré, jíà ńlá sì máa ń pa mọ́tò lórí koríko, yálà 540 ni o tàbí 3674. Tó o bá fi tuntun sí i, wà á fún ìṣẹ́jú 5, dúró, fọwọ́ kàn án. Tí ìka ò bá lè gbé e fún ìṣẹ́jú àáyá 3, dín eyín kù, má jẹ́ kó kọjá dígírì 80. Ìbọn tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara láyé kòrónà ò lè ṣe é o, kì í kà kọjá nǹkan bíi 42.

ỌmọÀkóbọ̀:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an! Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Wáyà méjì ni, ẹ jàre mà. Eyín jíà yẹn jẹ́ 25, ìwé tó bá ọkọ̀ wá sì ní 18, àṣé ohun tó pa á nìyẹn. Mo fi rúlà wọn àyè ibẹ̀, 58mm péré ni, 3660 gan-an ò lè wọlé. 3650 3300KV pẹ̀lú ESC 60A ni mo fẹ́ rà.

Ẹ̀gbọ́nMọ́kọ́lá:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Brushless yìí máa yára ju ti àtijọ́ lọ, torí náà fi eyín 16 bẹ̀rẹ̀, wo bó ṣe gbóná sí, kó o tó ronú kan 18. Kó o tó de síkírú, ki bébà pélébé kan sáàárín jíà méjèèjì, tì wọ́n pọ̀, dè é, kó o wá fa bébà yẹn yọ.